Orúkọ Tí Kò Bá Ìṣe Mu: Ìtàn Títi Irin Sókè Orí

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, níbi ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, Vasily Alekseyev, ọmọ Rọ́ṣíà tí ìwọ̀n ara rẹ̀ ju 140 kílò lọ dáadáa, gbé irin 235 kílò dé àyà, ó dúró, ó sì tì í sókè orí títí apá rẹ̀ méjèèjì fi nà gbọnrangandan. Press ni wọ́n ń pe irú gbígbé bẹ́ẹ̀. Apá àti èjìká ló yẹ kí ó fi ṣe é. Òfin kò gbà kí eékún tẹ̀, kò sì gbà kí ẹsẹ̀ kúrò ní ojú kan. Nígbà tó yá, ó tún padà sórí pèpéle fún clean and jerk, èyí tí òfin ti yọ̀ǹda pé kí ó tẹ eékún, kí ó fi itan ta irin náà sókè, kí ó sì fi ara bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, 230 kílò ni ó gbé. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìṣirò yìí wò. Ohun tí apá nìkan gbé pọ̀ ju ohun tí apá, itan àti ìbàdí para pọ̀ gbé lọ. Ara èèyàn kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní press ní Munich kì í ṣe ohun tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí mọ́. Lẹ́yìn ìdíje yẹn ni àjọ àgbáyé tó ń darí eré irin gbígbé yọ press kúrò pátápátá, kò sì tíì padà wọlé di òní olónìí. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà sábà máa ń di ẹ̀bi ru àwọn adájọ́, tàbí kí wọ́n ní ẹ̀yìn dídùn ló fà á. Ní tèmi, orúkọ ló pa á. Wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n sì fi máa fura, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nínú eré irin títì sókè, ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ni ìbéèrè kan péré: kí ni a gbà láyè kó ran apá lọ́wọ́? Irin kan náà ni, èjìká kan náà ló ti ń gbéra, òkè orí kan náà ló ń lọ. Àyọ̀ǹda àti èèwọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ṣe Military Press ní láti so gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó nà bíi sójà tó ń gba àṣẹ, kí ó má sì fì síwájú tàbí sẹ́yìn. Strict Press yọ̀ǹda kí ẹsẹ̀ là díẹ̀ kí èèyàn lè dúró dáadáa, ṣùgbọ́n eékún kò gbọdọ̀ tẹ̀. Push Press gbà kí eékún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí irin lè gbéra, lẹ́yìn náà apá ni yóò parí iṣẹ́. Bí agbérin bá tún tẹ eékún lẹ́ẹ̀kejì láti bọ́ sábẹ́ irin, ó ti kúrò ní agboolé press, ó ti di jerk. Irin tó gba ẹ̀yìn ọrùn gòkè ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí a jókòó ṣe ní tirẹ̀, èyí tí a fi ọwọ́ kan ṣe ní tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ eré náà lè rò pé àwọn olùkọ́ kan ló kó orúkọ jọ láti fi ṣe fàájì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ òfin tí wọ́n ká kúrú, ẹni tó bá pe orúkọ náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí òun kò ní ṣe.

Kí òfin wọ̀nyí tó wà, ìjà ló wà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje tí wọ́n pè ní ti àgbáyé ní London ní 1891, èyí tí Edward Lawrence Levy ará Birmingham borí, kò tíì sí ìlànà kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ gbà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Athens, ní Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ti ayé òde òní, Launceston Elliot ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Viggo Jensen ti Dẹ́ńmáàkì fi ọwọ́ méjèèjì gbé 111.5 kílò ọgbọọgba. Jensen ni wọ́n fún ní ipò kìn-ín-ní, wọ́n ní ọ̀nà tó gbà gbé e dára ju ti èkejì lọ. Ọmọ Ọba George ti Gíríìsì ló dá ẹjọ́ náà, inú àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì dùn sí i. Ohun tó yẹ kó jọ wá lójú níbẹ̀ ni pé kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí ọ̀nà tó dára jẹ́ sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó fọwọ́ kan irin. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí ìtàgé tí àwọn alágbára ti ń gba owó lọ́wọ́ òǹwòran. Eugen Sandow àti Arthur Saxon, ọmọ Jámánì méjèèjì tó di olókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lókìkí fún Bent Press: wọ́n á gbé irin sí èjìká pẹ̀lú ọwọ́ kan, wọ́n á wá tẹ ara sí ẹ̀gbẹ́ kejì díẹ̀díẹ̀ títí apá á fi nà tán lábẹ́ irin, kí wọ́n tó dìde. Saxon gbé ohun tó ju 165 kílò lọ bẹ́ẹ̀. Agbára ńlá ni, ọgbọ́n ńlá sì ni, ṣùgbọ́n ara ló ń sá kúrò lábẹ́ irin. Apá kò fi bẹ́ẹ̀ tì í. Àwọn ará ìgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi wé press tí a fi ara nínà ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn agbérin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá dìde ní 1911, wọ́n to oríṣiríṣi gbígbé jọ, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti òfin. Wọ́n tilẹ̀ ya bí irin ṣe dé àyà sọ́tọ̀: èyí tó bá lọ tààrà láti ilẹ̀ dé èjìká láì kan ara ni clean, èyí tó bá kọ́kọ́ sinmi lórí ikùn tàbí ìgbànú, bí àwọn ará Jámánì àti Ọ́síríà ṣe fẹ́ràn láti ṣe é, ni continental.

Òlíńpíìkì gba press wọlé ní Paris ní 1924, nígbà tí ìdíje náà ní gbígbé márùn-ún, tí méjì nínú wọn jẹ́ olọ́wọ́ kan. Ní Amsterdam ní 1928, wọ́n dín in kù sí mẹ́ta, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo wọn: press, snatch tí irin ti ń lọ láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti clean and jerk. Mẹ́ta yìí ló wà títí di 1972. Èrò tó wà nídìí wọn dára púpọ̀. Snatch ń dán ìyára wò, clean and jerk ń dán gbogbo ara wò pọ̀, press sì ń dán agbára tí kò ní ìrànlọ́wọ́ wò. Agbérin á gbé irin dé àyà, á dúró títí adájọ́ á fi fún un ní àmì, kí apá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìdúró, láìsí ìtapá láti ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ àwọn tó wúwo jù ní Amsterdam, Josef Strassberger ti Jámánì ti 122.5 kílò, ó ṣe snatch 107.5, ó sì ṣe clean and jerk 142.5. Press rẹ̀ fi 20 kílò dín sí clean and jerk rẹ̀. Nọ́ńbà yìí bá ara èèyàn mu, ó sì bá orúkọ mu.

Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ti Alekseyev, ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi sì dúró lé. Bí a bá fi ẹni tó borí ní Munich wé ẹni tó borí ní Amsterdam, snatch gòkè láti 107.5 sí 175, èyí tó fi ìdá 63 nínú 100 pọ̀ sí i. Clean and jerk gòkè láti 142.5 sí 230, ìyẹn ìdá 61. Méjèèjì rìn pọ̀ bí ìbejì. Press nìkan ló fò láti 122.5 sí 235, ìdá 92 nínú 100. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí press tí kò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwòrán àti fíìmù ìgbà náà fi í hàn gbangba. Àwọn agbérin ti kọ́ láti ti ìbàdí síwájú kí àmì adájọ́ tó dún, kí ara lè ká bí ọrun tí ọdẹ fà. Bí àmì bá ti dún, ìbàdí á ta padà, irin á fò kúrò ní àyà. Bí irin bá dé iwájú orí, tí apá ti fẹ́ dá, wọ́n á tún tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn gidigidi. Nígbà tí ara bá tẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, iṣan àyà á wọlé bá èjìká nínú iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tí a gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ láì tẹ eékún, láì gbé ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹnu òfin kò lè fi taratara mú un, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ press síbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Alekseyev ti mọ̀ pé òun ti borí kó tó parí clean and jerk, pé kò sí ìdí fún un láti pa ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, mi ò sì ní dúró lórí rẹ̀ nìkan. Rudolf Mang, ọmọ Jámánì tó gba ipò kejì níwájú àwọn ará ilé rẹ̀, ti 225 kílò nínú press, 215 ló sì gbé nínú clean and jerk. Nígbà tí ẹni kìn-ín-ní àti ẹni kejì bá ní àbùkù kan náà nínú ìṣirò wọn, a kò lè ní ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni. Ẹ tún wo ọdún mẹ́jọ péré ṣáájú: ní Tokyo ní 1964, Leonid Zhabotinsky ti 187.5, ó sì ṣe clean and jerk 217.5. Ọgbọ̀n kílò ni àlàfo tó wà láàrin méjèèjì. Láàrin Òlíńpíìkì méjì, àlàfo náà parẹ́, ó sì yí padà.

Àtakò tó lágbára ju ìyẹn ni pé àwọn èèyàn náà ló lágbára sí i. Òótọ́ ni pé àwọn òmìrán kan dìde. Ní 1955, Paul Anderson, ọmọ Georgia ní Amẹ́ríkà, lọ sí Moscow, ó sì ti 182.5 kílò lójú àwọn òǹwòran tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Òótọ́ sì ni pé oògùn tó ń mú iṣan dàgbà, bíi Dianabol tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ inú eré náà. Àwọn kan ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ran agbára tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ju ìyára lọ, mi ò sì ní jiyàn pé kò kó ipa kankan. Ṣùgbọ́n ara kan náà, pẹ̀lú oògùn yòówù tó wà nínú rẹ̀, ló gbé gbígbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan náà. Ara tó tóbi sí i ń tóbi fún clean and jerk náà. Anderson fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi: nígbà tó gba wúrà ní Melbourne ní 1956, 167.5 ni press rẹ̀, 187.5 sì ni clean and jerk rẹ̀. Àlàfo 20 kílò náà ni, bíi ti Strassberger. Yury Vlasov ní Rome ní 1960 ti 180, ó sì gbé 202.5. Agbára pọ̀ sí i nínú àwọn ọkùnrin yìí ju ti 1928 lọ fíìfíì, síbẹ̀ ìbáṣepọ̀ láàrin apá àti gbogbo ara kò yí padà. Agbára lásán kì í jẹ́ kí apá kọjá ara.

Àwọn mìíràn á ní ìdàgbàsókè ọgbọ́n ni, pé gbogbo eré ló ń ní ọgbọ́n tuntun, kí ló wá burú? Mo gbà pé ọgbọ́n tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn agbérin snatch bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó sábẹ́ irin dípò kí wọ́n la ẹsẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, irin gòkè, kò sì sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan, nítorí snatch kò ṣèlérí rí pé ẹsẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Press ló ṣèlérí. Gbogbo iyì tó ní wà nínú ohun tó kọ̀. Bí ọgbọ́n tuntun bá jẹ́ ọ̀nà láti mú ohun tí wọ́n kọ̀ wọlé padà láti ẹ̀yìnkùlé, ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìgbà Saxon ti ṣe fún Bent Press. Ká ní àjọ náà ti sọ ní àárín àwọn ọdún 1950 pé press onínàró wà, press aláfẹ̀yìntẹ̀ sì wà, pé ìwé àkọsílẹ̀ méjì ni wọn yóò máa kọ, àwọn adájọ́ ì bá ní ibi tí wọ́n dúró sí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi adájọ́ mẹ́ta sílẹ̀ láti pinnu, ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bóyá ẹ̀yìn tí wọ́n ń wò ti tẹ̀ jù. Kí ni “jù”? Iná funfun tàbí iná pupa ni ìdáhùn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń fura sí adájọ́ orílẹ̀-èdè kejì. Ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n tún fi ṣe àwíjàre kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó tẹ̀ ló ń dunni, ẹ̀yìn tó tẹ̀ sì ni orúkọ náà ti kọ́kọ́ kà léèwọ̀. Òfin tí wọn kò tẹ̀ lé ni wọ́n padà wá fi ṣe ìdí láti pa ohun tí òfin náà ń ṣọ́.

Láti ìgbà náà, gbígbé méjì ló wà ní Òlíńpíìkì. Nígbà tí àwọn obìnrin wọlé ní Sydney ní 2000, níbi tí Ruth Ogbeifo ti gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú ọ̀wọ́ 75 kílò, snatch àti clean and jerk nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Iṣẹ́ dídán agbára apá wò kó lọ sí orí bẹ́ǹṣì: ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ti powerlifting, eré tí wọ́n ti ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ti irin sókè, wáyé ní York ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní 1971, àjọ àgbáyé rẹ̀ sì dìde ní 1972, ọdún tí press kú gan-an. Níbẹ̀, bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀yìn ró, eékún kò sì lè ta irin. Press ti òkè orí di ọmọ jíìmù, ó sì bí ọmọ púpọ̀. Bradford Press, tí irin ti ń ré orí kọjá díẹ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn ọrùn láì nà tán, ń jẹ́ orúkọ Jim Bradford, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì 1952 àti 1960. Arnold Press, tí a fi dọ́ńbẹ́ẹ̀lì ṣe, tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń kọjú sí wa níbẹ̀rẹ̀ kí ó tó yí síta bó ṣe ń gòkè, jẹ́ ti Arnold Schwarzenegger. Z Press wá láti orúkọ Žydrūnas Savickas, alágbára ọmọ Lituéníà: èèyàn á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kò sì ní fẹ̀yìn ti nǹkan kan.

A lè bi mí pé bí orúkọ bá jẹ́ òfin, òfin wo ló wà nínú orúkọ èèyàn? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́yìn 1972, nígbà tí kò sí adájọ́ mọ́, òfin náà kó kúrò lẹ́nu adájọ́, ó sì wọ inú ìdúró ara. Ẹni tó bá ń ṣe Z Press kò nílò ẹni tí yóò wo eékún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Bó bá gbìyànjú láti tẹ ẹ̀yìn bíi ti Munich, á ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú irin náà. Ohun tí adájọ́ mẹ́ta kò rí yanjú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yanjú rẹ̀. Lójú mi, Z Press ni ọmọ tó jọ Military Press jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọ jẹ́ orúkọ kan. Ní ìdàkejì, àwọn alágbára tó ń gbé igi ràbàtà onírin, èyí tí wọ́n ń pè ní log, sọ gbangba pé àwọn yóò tẹ eékún, àwọn yóò sì lo gbogbo ara. Nígbà tí Cheick Ahmed al-Hassan Sanou, ọmọ Burkina Faso tí ayé mọ̀ sí Iron Biby, gbé 229 kílò ní Glasgow ní 2021, kò sí ẹni tó bá a jà pé eékún rẹ̀ tẹ̀. Orúkọ ohun tó gbé ti sọ ọ́ ṣáájú.

Military Press ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù. Ní jíìmù òde òní, orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá ti ti irin sókè orí: ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì aláfẹ̀yìntì, ẹni tó la ẹsẹ̀, ẹni tó ń ta eékún lábẹ́lẹ̀ nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á ní kò burú, pé èdè a máa yí, iṣan èjìká kò sì mọ orúkọ. Iṣan kò mọ̀ ọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé tí a ń kọ nọ́ńbà sí mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti 60 kílò láì tẹ eékún ní oṣù kìn-ín-ní, tó sì ti 70 pẹ̀lú eékún ní oṣù kẹta, tó kọ méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan, kò mọ̀ bóyá èjìká òun ti lágbára sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ayé láàrin Tokyo àti Munich ló ń ṣẹlẹ̀ sí i nínú ìwé kékeré kan. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ jíìmù àti ẹ̀yin tó ń dá gbérin nílé: bí eékún bá tẹ̀, ẹ kọ Push Press. Bí ẹ bá jókòó, ẹ kọ pé ẹ jókòó. Kí ẹ sì fi Military Press sílẹ̀ fún ẹni tó so gìgísẹ̀ pọ̀, tó nà, tí kò sì gba ìrànlọ́wọ́ kankan.